Ọjọ́ Kẹta Oṣù Kẹrin Ni, àbí Ọjọ́ Kẹrin Oṣù Kẹta?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ẹnì kejì mi la jọ ń kọ áàpù kan tí àwọn aláìsàn fi ń gba àyè láti bá dókítà sọ̀rọ̀ lórí fídíò. Dókítà lè wà ní orílẹ̀-èdè kan, kí aláìsàn wà ní òmíràn. Ẹnì kan tẹ 03/04/2025. Ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin ló ní lọ́kàn, àmọ́ ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta ni áàpù wa kọ sílẹ̀. Nínú oṣù kẹta yẹn kan náà, dókítà kan ní New York dúró de aláìsàn rẹ̀ tó wà ní London fún odidi wákàtí kan, bẹ́ẹ̀ aago àwọn méjèèjì tọ̀nà. Ẹnì kejì mi ní ká ṣáà máa fi gbogbo àkókò pamọ́ ní UTC, ìyẹn aago kan ṣoṣo tí gbogbo ayé fi ń ṣe òdiwọ̀n, wàhálà tán. Ṣé òótọ́ ni? Tí èèyàn bá sì tẹ déètì tó ní ìtumọ̀ méjì, ṣé ká yan ọ̀kan fún un ni, ṣé ká dá a padà, àbí ká béèrè?"

Ìdáhùn: Ẹ béèrè. Ìbéèrè yín tó gbẹ̀yìn ni mo kọ́kọ́ dáhùn yẹn, torí pé orí ẹ̀ ni gbogbo ìyókù dúró lé. Nígbà tí aláìsàn yín ń tẹ 03/04/2025, ó mọ ọjọ́ tó ń sọ dájú. Kò ṣiyè méjì rárá. Áàpù yín ni kò mọ̀, tó wá ṣe bí ẹni tó mọ̀. Títí ó fi tẹ bọ́tìnì ìfiránṣẹ́, ẹni tó mọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ náà ṣì wà níwájú fóònù. Tẹ́ ẹ bá bi í, kíá ló máa dá yín lóhùn. Tó bá ti kúrò níbẹ̀, nọ́ńbà lásán ló kù nínú dátábéèsì, kò sì sí kóòdù tó máa wo nọ́ńbà yẹn kó mọ ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Sọ́fítíwíà tó bá ń dá méfò láìsọ fún ẹnikẹ́ni ló ń ṣìnà, àwọn tó gbẹ́kẹ̀ lé e ló sì ń jìyà ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí wàhálà náà ṣe tóbi tó. Ní Amẹ́ríkà, oṣù ni wọ́n ń kọ ṣáájú ọjọ́. Ní ibi tó pọ̀ jù láyé, ọjọ́ ló ń ṣáájú. Ní Ṣáínà, Japan, Kòríà àti Hungary, ọdún ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Ní Kánádà, ẹ lè rí ju ọ̀nà kan lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ọjọ́ 1 sí ọjọ́ 12 nínú oṣù méjèèjìlá jẹ́ 144. Tẹ́ ẹ bá yọ àwọn 12 tí ọjọ́ àti oṣù wọn jẹ́ nọ́ńbà kan náà, bíi 05/05, ó ku 132. Ọjọ́ 132 lọ́dọọdún ló jẹ́ pé téèyàn bá fi nọ́ńbà kọ wọ́n, wọ́n ní ìtumọ̀ méjì tí méjèèjì jẹ́ ojúlówó déètì. Ìyẹn ju ìdá mẹ́ta ọdún lọ.

Àwọn ọjọ́ tó kù gan-an ló ń tan àwọn tó ń kọ kóòdù jẹ. Tí ẹnì kan bá tẹ 25/03/2025 sínú áàpù tó ń retí oṣù ṣáájú, áàpù á pariwo pé kò sí oṣù 25, wọ́n á tún un ṣe, ó parí. Ṣùgbọ́n 03/04 á wọlé wọ́ọ́rọ́, kò sí ariwo, kò sí àmì pupa, aláìsàn á rí "A ti gbà á" lójú fóònù rẹ̀. Tó bá jẹ́ ọjọ́ 25 oṣù lẹ dán áàpù yín wò, gbogbo nǹkan á ṣiṣẹ́ dáadáa. Torí náà, ọjọ́ 3 oṣù kẹrin ni kẹ́ ẹ máa fi dán an wò. Kò sóhun tó ná yín.

Ibi tí mo ti máa ń rí aburú yìí jù ni inú Excel, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ wò ó dáadáa torí pé áàpù yín náà á kó fáìlì jáde lọ́jọ́ kan. Wọ́n kó orúkọ àwọn èèyàn jáde sínú fáìlì CSV (fáìlì ọ̀rọ̀ lásán tí kọ́mà ń pín òpó rẹ̀), déètì inú rẹ̀ fi ọjọ́ ṣáájú oṣù. Ẹlòmíràn ṣí i lórí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣètò sí ìlànà Amẹ́ríkà. Ẹ wo òpó déètì náà: 25/03/2025 fara ti apá òsì, 03/04/2025 fara ti apá ọ̀tún. Excel wá oṣù 25, kò rí i, ló bá fi tàkọ́kọ́ sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀ lásán. Ìkejì ló ti sọ di ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta láìbi ẹnikẹ́ni. Nínú òpó kan ṣoṣo, àwọn kan ò yí padà, àwọn kan ti yí padà, ohun kan ṣoṣo tó sì fi hàn ni apá tí wọ́n fara tì. Ẹni tó ní fáìlì náà lọ́wọ́ á wá sọ pé "àwọn tó wà lápá òsì yìí ò dáa", á tún wọn kọ, á sì fi fáìlì náà pamọ́. Látìgbà náà, kò sẹ́ni tó lè mọ èyí tó ti yí padà nínú wọn mọ́.

Àwọn tó ń lo pandas, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ka fáìlì bẹ́ẹ̀ nínú èdè kóòdù Python, náà mọ ìrora yìí. Kí ẹ̀dà 2.0 tó jáde ní 2023, to_datetime, àṣẹ rẹ̀ tó ń sọ ọ̀rọ̀ di déètì, lè ka déètì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kó ka ìlà kan ní ìlànà Amẹ́ríkà, kó ka ìlà tó tẹ̀ lé e ní ìlànà míì. Látorí 2.0, ìlà àkọ́kọ́ ló fi ń mọ ìlànà, ó sì ń fi ìyẹn ka gbogbo ìyókù. Tí ọ̀kan ò bá bá a mu, á dá iṣẹ́ dúró, á sì sọ. Inú àwọn kan ò dùn sí i nígbà tí kóòdù wọn bẹ̀rẹ̀ sí í kọṣẹ́. Lójú tèmi, àtúnṣe tó dáa gan-an ni. Iṣẹ́ tó dúró sàn ju èsì èké lọ. Kódà, wàhálà kí Excel máa sọ nǹkan di déètì pọ̀ débi pé ìgbìmọ̀ HGNC, tó ń fún àwọn jíìnì èèyàn lórúkọ, yí orúkọ jíìnì padà nítorí ẹ̀: MARCH1 di MARCHF1, SEPT1 di SEPTIN1, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní 2020. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ló yí orúkọ padà kí sọ́fítíwíà má bàa ṣì wọ́n kà.

Ó yá, báwo lẹ ṣe máa béèrè tẹ́ ẹ ò fi ní da àwọn èèyàn láàmú? Ó sinmi lórí irú ọjọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ gbà.

Ọjọ́ ìbí jẹ́ ohun tí èèyàn ti mọ̀ sórí. Àpótí mẹ́ta ló yẹ ẹ́: Ọjọ́, Oṣù, Ọdún, kí àkọlé wà lókè ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun tí ìlànà ìjọba Britain fún àwọn fọ́ọ̀mù orí GOV.UK sọ gan-an nìyẹn. Tí ẹnì kan bá fi lẹ́tà kọ orúkọ oṣù sínú àpótí oṣù, ẹ gbà á. Kò sí ọ̀nà tó ṣe kedere jùyẹn lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi kàlẹ́ńdà gba ọjọ́ ìbí. Ẹni tí wọ́n bí ní 1948 á máa tẹ ọfà sẹ́yìn lóṣooṣù títí ọwọ́ á fi máa dùn ún. Mo ti rí i níbi tí àgbàlagbà ti jáwọ́ tó sì yan ọdún tó bá wà níwájú rẹ̀. Ọjọ́ ìbí tó wọ dátábéèsì nìyẹn.

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ rí dókítà yàtọ̀ sí èyí. Ọjọ́ ọ̀sẹ̀ ni èèyàn fi ń rò ó: "Ọjọ́bọ̀ ni mo ráyè." Kàlẹ́ńdà dáa níbí, torí pé ó ń fi ọjọ́ ọ̀sẹ̀ hàn. Tẹ́ ẹ bá lo àpótí déètì tí búráúsà fúnra rẹ̀ ní, ìyẹn input type="date", ohun tó máa dé ọ̀dọ̀ sáfà yín kò ní ìtumọ̀ méjì: 2025-04-03 ni, ibi yòówù kí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Ohun kan ni kẹ́ ẹ kíyè sí: ìlànà búráúsà tàbí ti fóònù ló ń pinnu bí àpótí náà ṣe máa rí lójú èèyàn. Ọ̀pọ̀ èèyàn tí kò dé Amẹ́ríkà rí ló ń lo fóònù tí èdè rẹ̀ jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì Amẹ́ríkà, torí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bá a nígbà tí wọ́n rà á. Oṣù á ṣáájú nínú àpótí wọn, ọwọ́ wọn á sì máa tẹ ọjọ́ ṣáájú. Nítorí náà, èdè fóònù kò sọ ibi tí èèyàn wà, kò sì sọ bó ṣe ń kọ déètì.

Ojútùú tí mo fọkàn tán jù kò ní ìnáwó kankan nínú. Lábẹ́ àpótí náà, bí èèyàn ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lọ, ẹ fi lẹ́tà kọ ohun tí ẹ gbọ́ padà fún un: "Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 3 oṣù kẹrin, 2025". Ẹ má yọ ọjọ́ ọ̀sẹ̀ kúrò níbẹ̀, torí pé òun ni ẹlẹ́rìí kejì. Ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta 2025 bọ́ sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin bọ́ sí Ọjọ́bọ̀. Ẹni tó ti ń sọ fún ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ pé Ọjọ́bọ̀ lòun ò ní wá, tó bá rí "Ìṣẹ́gun", á dúró. Ojú èèyàn lè fo nọ́ńbà, àmọ́ kì í sábà fo ọjọ́ ọ̀sẹ̀, torí pé òun ló fi ń ṣètò ayé rẹ̀.

Tó bá jẹ́ dandan kí èèyàn tẹ déètì bó ṣe wù ú, bóyá nínú ọ̀rọ̀ tó ń kọ ránṣẹ́ sí áàpù, tí nọ́ńbà méjèèjì ò sì ju 12 lọ, ẹ gbé bọ́tìnì méjì síwájú rẹ̀: "Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 4 oṣù kẹta" àti "Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 3 oṣù kẹrin". Ìtẹ̀ kan ni. Tí ọ̀kan nínú méjèèjì bá ti kọjá, tí èèyàn ò sì lè gba àyè sí ọjọ́ tó ti kọjá, ẹ lè yan ìkejì fúnra yín, ṣùgbọ́n ẹ fi hàn án kẹ́ ẹ tó fi pamọ́. Ẹ má ṣe bi í nígbà tó bá tẹ 25/03. Áàpù tó bá ń béèrè ohun tó hàn gbangba á mú kí àwọn èèyàn máa tẹ "Bẹ́ẹ̀ ni" láìkà á, wọ́n á sì ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí ìbéèrè náà bá ṣe pàtàkì.

Ọdún gbọ́dọ̀ jẹ́ nọ́ńbà mẹ́rin. Tẹ́ ẹ bá gba méjì, ẹ ti ní kí ẹ̀rọ máa méfò nìyẹn, ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ló sì ní méfò tirẹ̀. Python ń sọ 69 sí 99 di 1969 sí 1999, ó ń sọ 00 sí 68 di 2000 sí 2068. Ní Excel, 29 ló sábà máa ń jẹ́ ààlà: 00 sí 29 jẹ́ ọdún 2000 sókè, 30 sí 99 jẹ́ ti 1900. Tí àgbàlagbà tí wọ́n bí ní 1945 bá kọ 45, Excel á gbà á, Python á sì ní wọn ò tíì bí i.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìbí tún ní apá kan tí àwọn tó ń kọ sọ́fítíwíà fún ilé ìwòsàn máa ń fojú fò. Ní ọ̀pọ̀ ibi láyé, àwọn àgbàlagbà mọ ọdún tí wọ́n bí wọn, wọn ò mọ oṣù, wọn ò mọ ọjọ́. Tí fọ́ọ̀mù bá fi dandan béèrè gbogbo rẹ̀, òṣìṣẹ́ tó ń tẹ̀ ẹ́ á kọ ọjọ́ 1 oṣù kìíní. Irọ́ ni, ẹ̀yin lẹ sì fi tipátipá mú un pa á. Ẹ jẹ́ kí àpótí ọjọ́ àti ti oṣù lè ṣófo, kẹ́ ẹ sì fi òpó kan sínú dátábéèsì tó ń sọ ibi tí ìmọ̀ yín mọ: ọdún nìkan, ọdún àti oṣù, tàbí gbogbo rẹ̀. Ìgbà tí dókítà bá ń ṣírò ọjọ́ orí lẹ máa mọrírì ẹ̀.

Ti wákàtí kò gùn. 12 am àti 12 pm ń da àwọn èèyàn rú kárí ayé, kò sì sí àlàyé tó máa tún un ṣe. Ẹ lo aago oníwákàtí 24, tàbí kẹ́ ẹ kọ "12 ọ̀sán" àti "12 òru". Ẹ má sì kọ ọ́ rárá pé nǹkan á parí "ní ọ̀gànjọ́ òru ọjọ́ Ẹtì", torí pé ọ̀gànjọ́ òru méjì ló kan ọjọ́ Ẹtì, ọ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọ̀kan ní òpin. Ẹ kọ "ọjọ́ Ẹtì, 23:59", ó tán.

Ní báyìí, dókítà New York àti aláìsàn London. Lọ́pọ̀ ìgbà nínú ọdún, London fi wákàtí márùn-ún ṣáájú New York. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì máa ń fi wákàtí kan kún aago fún ìgbà ooru, wọ́n á sì dá a padà tó bá yá. Amẹ́ríkà máa ń sún aago síwájú ní ọjọ́ Àìkú kejì nínú oṣù kẹta, Yúróòpù sì máa ń sún tiwọn ní ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù náà. Ní 2025, ọjọ́ 9 oṣù kẹta ni ti Amẹ́ríkà, ọjọ́ 30 ni ti Yúróòpù. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, wákàtí mẹ́rin ló wà láàárín ìlú méjèèjì. Mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé ibì kan wà nínú kóòdù yín tí ẹ ti kọ 5 sílẹ̀ bí nọ́ńbà tí kì í yí padà, tàbí tí ẹ ti ṣírò ìyàtọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan tí ẹ sì fi pamọ́. Aago 10:00 àárọ̀ ní New York jẹ́ 14:00 ní London lọ́jọ́ náà. Áàpù yín sọ fún aláìsàn pé 15:00 ni. Ẹ wá a, kẹ́ ẹ yọ ọ́.

Ọjọ́ tí wọ́n sún aago gan-an tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹta 2025, kò sí 02:30 ní New York. Láti 01:59, aago fò sí 03:00. Ní ọjọ́ 2 oṣù kọkànlá, 01:30 ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀méjì: ìgbà àkọ́kọ́ jẹ́ 05:30 UTC, ìkejì jẹ́ 06:30 UTC. Àwọn irinṣẹ́ tó wà nínú àwọn èdè kóòdù mọ èyí. Java látorí ẹ̀dà 8 tó jáde ní 2014 máa ń mú ti àkọ́kọ́ nínú méjèèjì, ó sì máa ń ti 02:30 tí kò sí lọ sí 03:30. Python látorí 3.6 ní àmì kan tó ń jẹ́ fold, tó ń sọ bóyá ti àkọ́kọ́ tàbí ti ìkejì lẹ̀ ń sọ. Temporal, tó wà fún JavaScript, jẹ́ kẹ́ ẹ yan "earlier" (ti àkọ́kọ́), "later" (ti ìkejì) tàbí "reject" (kó kọ̀ ọ́). Tẹ́ ẹ ò bá sọ nǹkan kan fún wọn, gbogbo wọn á yan ọ̀kan jẹ́ẹ́jẹ́. Fún áàpù yín, ẹ má fi 02:30 tí kò sí sára àwọn àyè tí èèyàn lè yàn. Kí 01:30 tó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀méjì fara hàn bí àyè méjì: "01:30, kí aago tó padà sẹ́yìn" àti "01:30, lẹ́yìn tí aago ti padà sẹ́yìn". Ẹ má sì rò pé wákàtí kan ni wọ́n máa ń sún níbi gbogbo. Ní erékùṣù Lord Howe ní Ọsirélíà, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni. Samoa fo odidi ọjọ́ kan: kò sí ọjọ́ 30 oṣù kejìlá ọdún 2011 níbẹ̀ rárá.

Ẹnì kejì yín ńkọ́? Ó sọ òótọ́, àmọ́ òótọ́ náà kò pé. UTC ló dáa jù fún ohun tó ti ṣẹlẹ̀: ìgbà tí wọ́n sanwó, ìgbà tí wọ́n wọlé sínú áàpù, ìgbà tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ kò lè yí padà mọ́. Ìpàdé ọjọ́ iwájú ló yàtọ̀, torí pé ìjọba lè yí aago padà kí ọjọ́ náà tó pé, wọ́n sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ wo Cairo. Ká sọ pé ní oṣù kìíní 2023, ẹnì kan gba àyè sí aago 10:00 àárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹfà. Nígbà yẹn, Íjíbítì kì í sún aago mọ́, wákàtí méjì ni wọ́n fi ṣáájú UTC, ẹ sì fi 08:00 UTC pamọ́. Ní òpin oṣù kẹrin ọdún yẹn, Íjíbítì tún bẹ̀rẹ̀ sí í sún aago. Nínú oṣù kẹfà, 08:00 UTC ti di 11:00 ní Cairo. Dókítà àti aláìsàn ti jọ fẹnu kò sí 10:00, áàpù wá ń sọ ohun míì, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan dátábéèsì.

Ìkìlọ̀ tí ìjọba máa ń fúnni tiẹ̀ lè kúrú gan-an. Ní oṣù kẹta 2023 kan náà, ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí Lẹ́bánónì sún aago síwájú nígbà tí ìjọba kéde pé ó di ìparí oṣù Ramadan. Àwọn kan tẹ̀ lé ìjọba, àwọn kan kọ̀, aago méjì sì wà ní orílẹ̀-èdè kan fún ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó yí ìpinnu náà padà. Mẹ́síkò ní tirẹ̀ fòpin sí sísún aago ní ibi tó pọ̀ jù lórílẹ̀-èdè náà ní oṣù kẹwàá 2022.

Nítorí náà, fún ìpàdé ọjọ́ iwájú, ẹ fi ohun tí èèyàn sọ pamọ́ bó ṣe sọ ọ́: ọjọ́, aago ibi tó wà, àti orúkọ ẹkùn àkókò, ìyẹn agbègbè tó ń tẹ̀ lé òfin aago kan náà, bíi Africa/Cairo tàbí America/New_York. Ẹ lè ṣírò UTC rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kẹ́ ẹ lè fi tò wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ tún un ṣírò nígbàkigbà tí àkójọ àwọn ẹkùn àkókò bá ní ẹ̀dà tuntun. Arthur David Olson ló bẹ̀rẹ̀ àkójọ yẹn ní àwọn ọdún 1980, Paul Eggert ló ń bójú tó o lónìí, IANA, àjọ tó ń bójú tó àwọn orúkọ àti nọ́ńbà orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ló ń pín in káàkiri, wọ́n sì máa ń gbé ẹ̀dà tuntun jáde ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́dún. Sáfà tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ láìmú dójú ìwọ̀n fún ọdún méjì ń lo òfin aago tó ti kú.

Ẹ kíyè sí i pé mo ní orúkọ ẹkùn, mi ò ní +02:00, ìyẹn wákàtí méjì ṣáájú UTC. Ọ̀pọ̀ ìlú ló ń jẹ́ +02:00 lónìí tí wọn ò ní jọ wà níbẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Àwọn lẹ́tà mẹ́ta mẹ́ta tí wọ́n fi ń gé orúkọ aago kúrú tún burú jùyẹn lọ. CST lè jẹ́ ti àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà, ó lè jẹ́ ti Ṣáínà, ó lè jẹ́ ti Kúbà. IST lè jẹ́ ti Íńdíà, ti Ireland tàbí ti Ísírẹ́lì. Ẹ jẹ́ kí èèyàn yan ìlú. Gbogbo èèyàn ló mọ ìlú tó sún mọ́ ọn; àwọn tó mọ nọ́ńbà UTC ìlú wọn ò pọ̀.

Irú kẹta wà tí kì í ṣe ti UTC, tí kì í sì í ṣe ti ẹkùn kankan: ọjọ́ tí kò ní aago. Ọjọ́ ìbí jẹ́ ọ̀kan, ọjọ́ tí oògùn máa bàjẹ́ jẹ́ òmíràn. Nínú JavaScript, new Date("2025-04-03") kì í ṣe ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin lásán. Aago 00:00 UTC ọjọ́ náà ni. Tẹ́ ẹ bá fi hàn ẹni tó wà ní New York ní aago tirẹ̀, alẹ́ ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ló máa rí, ọjọ́ ìbí rẹ̀ á sì fi ọjọ́ kan yẹ̀. Tẹ́ ẹ bá kọ new Date(2025, 3, 3), oṣù kẹrin ni, torí pé òdo ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka oṣù níbẹ̀. Ẹ lo irú tó wà fún ọjọ́ lásán, bíi LocalDate nínú Java, PlainDate nínú Temporal, tàbí date nínú dátábéèsì, kẹ́ ẹ má sì jẹ́ kí aago kankan kàn án.

Nígbà tẹ́ ẹ bá ń fi hàn, ẹ fi lẹ́tà kọ oṣù níbi gbogbo tí ojú èèyàn máa dé. Fún ìpàdé orí fídíò, kí ìránṣẹ́ yín gbé aago ìlú méjèèjì jáde: "Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 3 oṣù kẹrin 2025, 15:00 London, 10:00 New York". Ẹ má kọ "ọ̀la" sínú ímeèlì ìránnilétí. Tó bá di ọjọ́ kejì kí ẹni náà tó ṣí i, ọ̀la ti di òní. Láàárín ẹ̀rọ sí ẹ̀rọ, ISO 8601, ìlànà àgbáyé fún kíkọ déètì tó ti wà láti 1988, ni kẹ́ ẹ lò: 2025-04-03. Ó ń to ara rẹ̀ létòlétò, mi ò sì mọ orílẹ̀-èdè tó ń fi ọdún ṣáájú tó wá ń fi ọjọ́ ṣe ìkejì. Tẹ́ ẹ bá sì ń kọ ìlànà rẹ̀ nínú Java, yyyy ni kẹ́ ẹ fi kọ ọdún, ẹ má fi YYYY kọ ọ́. Lẹ́tà ńlá yẹn túmọ̀ sí ọdún tí ọ̀sẹ̀ wà nínú rẹ̀, ó sì máa sọ ọjọ́ 30 oṣù kejìlá 2024 di 2025-12-30, torí pé ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ 2025 ni wọ́n ka ọ̀sẹ̀ yẹn sí. Kò ní hàn lójú yín fún nǹkan bí oṣù mọ́kànlá ó lé. Ìparí ọdún, nígbà tí àwọn tó lè tún un ṣe ti lọ ìsinmi, ló máa ń jáde.

Ó ku àwọn déètì tó ti wọ dátábéèsì yín kẹ́ ẹ tó mọ̀. Ẹ má fi kóòdù yí gbogbo wọn padà lẹ́ẹ̀kan. Ẹ kọ́kọ́ ṣa àwọn tí ọjọ́ àti oṣù wọn kò ju 12 lọ, tí méjèèjì kò sì dọ́gba. Àwọn yòókù kò ní ìṣòro. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n gba àyè náà. Tí ọ̀kan nínú ìtumọ̀ méjèèjì bá ṣáájú ọjọ́ yẹn, ẹ yọ ọ́. Tẹ́ ẹ bá ní òfin pé àyè kò gbọ́dọ̀ jìnnà ju oṣù mẹ́ta lọ, ìyẹn náà á tún yọ púpọ̀ kúrò. Àwọn tó bá kù, ẹ kọ̀wé sí wọn, kẹ́ ẹ fi ọjọ́ méjèèjì hàn wọ́n pẹ̀lú ọjọ́ ọ̀sẹ̀, kí wọ́n yan ọ̀kan. Láti òní lọ, ẹ ya òpó kan sọ́tọ̀ tí á máa tọ́jú ohun tí èèyàn tẹ̀ gan-an, lẹ́tà fún lẹ́tà, pẹ̀lú èdè fóònù rẹ̀ àti ẹkùn àkókò tó wà nígbà tó tẹ̀ ẹ́. Àyè kékeré ló máa gbà, òun lẹ ó sì padà lọ wò lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá pè yín pé ọjọ́ tí áàpù sọ kì í ṣe ọjọ́ tí òun sọ.